Ojú Màmá Lára Gíláàsì

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù pé òun fẹ́ kó wá bá òun ṣe iṣẹ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tuntun, Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ rò pé obìnrin náà ṣi nọ́ńbà pè ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ìyẹn tí a bá fẹ́ ka "ó dàárọ̀" tí wọ́n jù síra wọn lẹ́yìn ìsìnkú màmá wọn kún ọ̀rọ̀. Àmọ́ kò ṣi í pè. Ó ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù ńlá gbà lójú títì. Ó ní gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó ògiri pálọ̀, àwòrán Màmá lòun sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá máa rí níbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ Màmá lòun ti kọ́ aṣọ rírán. Ó yin iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn, ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tirẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ló wá sọ èyí tó ta Àbíkẹ́yìn lára jù: ó ní òun ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ti dárí jì í.

Ìdáríjì kẹ̀. Ẹni tó ṣeni ló tún ń dárí jini. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ó ṣì wà lórí ìlà.

"Mo wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó dáhùn. "Màá ṣe é. Màá ṣe é débi tí ẹ ò ní gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúpẹ́. Kò mọ̀ pé láti ìṣẹ́jú yẹn ni àbúrò òun ti pinnu pé imú òun máa dánrin.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìkà ni Àbíkẹ́yìn, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin méjì ni màmá wọn bí. Aránṣọ ni Màmá, arẹwà obìnrin, ẹni tí kò jẹ́ jáde lọ da ilẹ̀ nù láìkọ́kọ́ kun pàúdà. Èyí àgbà dúró tì í nílé, wọ́n jọ ń ránṣọ. Èyí kékeré lọ sí ìlú mìíràn, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sítíkà. Iṣẹ́ àwọn tó ń to àwòrán àti ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ọ̀rá tó ní àtè lẹ́yìn, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ilé ìtajà, kí ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lè dúró wò.

Nígbà tí àìsàn gbé Màmá dè, ojoojúmọ́ ni Àbíkẹ́yìn ń pe ilé. Ojoojúmọ́ náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún un pé ara Màmá ti ń yá, kó fọkàn balẹ̀, kó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n gbé fóònù fún Màmá, Màmá ń sùn. Bó bá tún padà pè, Màmá ń wẹ̀. Ó tó ìgbà kan tó béèrè bóyá pẹ́pẹ́yẹ ni Màmá dà tó fi ń wẹ̀ tó báyìí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín ọ̀hún ló máa ń dùn ún jù tó bá rántí, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè é fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà tó máa fi délé, wọ́n ti ń gbé òkú jáde. Àbúrò màmá wọn dúró lẹ́nu géètì. Àǹtí Rédíò ni gbogbo ẹbí ń pe obìnrin yìí, torí kò sí ìròyìn tó lè sùn mọ́ ọn nínú. Àǹtí Rédíò ò kí i káàbọ̀. Níṣojú gbogbo èèyàn ló ti bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe láyé yìí, tí wọ́n á fi pè é pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, tó máa ní òun ò ráàyè. Àbíkẹ́yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀.

Bí irọ́ ṣe di òtítọ́ nìyẹn. Bí Àbíkẹ́yìn ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń mú un ní aláìlójútì tó. Àwọn ìbátan tí wọ́n gbé e pọ̀n ní kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpè rẹ̀. Ọmọ tó kọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn ju sítíkà èyíkéyìí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ lọ. Ó ti fi alẹ́ gbogbo sunkún sí i, ó ti fi í gbàdúrà, ó ti fi í ṣépè. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá báyìí: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ẹnu ara rẹ̀, níwájú Àǹtí Rédíò àti ìyókù wọn, kó sọ pé irọ́ lòun pa, pé ẹnikẹ́ni ò pe Àbíkẹ́yìn rárá.

Ohun èlò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú Màmá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó rò pé ó máa wù ú láti ní èyí tí wọ́n yà gbẹ̀yìn. Màmá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìpéǹpéjú kan ti já wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un di etí aṣọ ìbora mú lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì náà ní bó ṣe máa ń wo ẹnu ọ̀nà nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Àbíkẹ́yìn ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òun ni Màmá ń retí, ẹni tó mọ ìdí tí òun ò fi dé sì wà nídìí bẹ́ẹ̀dì náà, kò sọ̀rọ̀.

Ó lọ wọn gíláàsì. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín àwọn káfíńtà àti àwọn akunlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so gèlè mọ́rí kí ọ̀dà má baà ta sí i. Wọ́n kí ara wọn bí ẹni tó jọ wà nílé ìwòsàn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu àga kan fún un, ó gbé omi tútù wá, ó bi í bóyá ó ń jẹun dáadáa torí ó rí i pé ó rù. Àbíkẹ́yìn ní òun ń jẹun. Ó mu omi náà tán pátápátá kí wọ́n má baà sọ pé ó ń bínú.

Lẹ́yìn náà ló fa téèpù. Ó wọn gíga gíláàsì, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wò ó bóyá ó wọ́ níbì kankan. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ibo ló máa jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ sí káńtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn, ó ní ibẹ̀ yẹn ni, kóun lè máa rí ẹni tó ń wọlé. Káńtà náà kọjú sí gíláàsì gan-an. Àbíkẹ́yìn wọn àárín káńtà sí gíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò nílò ìwọ̀n yẹn. Ó jókòó sórí àga níbẹ̀, ó wo iwájú, ó mọ ibi tí ojú ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa bọ́ sí.

Tí a bá lẹ àwòrán ńlá mọ́ inú gíláàsì kó lè kọjú síta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọjú sínú ilé. Funfun lásán ni ẹ̀yìn yìí máa ń jẹ́, àwọn oníbàárà ò sì ń béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ lè lẹ àwòrán mìíràn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀hún, kó fi ọ̀rá dúdú sáàárín méjèèjì kí ọ̀kan má baà hàn lára èkejì. Ojú kan síta, ojú kan sínú. Ohun tí Àbíkẹ́yìn ṣe nìyẹn. Èyí tó kọjú síta ni Màmá ayé àtijọ́, tó fi téèpù kọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé aṣọ tó rán bá wọn lára mu. Òun nìkan ló fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kíá ni èsì dé: ó wu òun, Màmá gan-an nìyẹn, kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ ẹ.

Èyí tó kọjú sínú ni Màmá orí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi sùúrù ṣe é. Ó fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí ojú kan fi tó abọ́ ọbẹ̀. Ó pa àbàwọ́n tó wà lára ìrọ̀rí rẹ́, ó mú kí funfun ẹyinjú mọ́lẹ̀ sí i, ó tún etí aṣọ ìbora ṣe níbi tí àwòrán ti fẹ́ dàrú. Àwọn oníṣẹ́ yìí, wọ́n lè wo ojú èèyàn láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́ kí wọ́n má rí i. Ibi tí àwọ̀ ti ṣú jù ni wọ́n ń wò, àti ibi tí etí ò ti mọ́. Ojú tí Àbíkẹ́yìn ń rí ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ń rí i bó ṣe máa gbé orí sókè nídìí káńtà, bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa là sílẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa fò lọ lójú rẹ̀. Ó tún un rò, ó tún un rò, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí ẹni ń lá oyin.

Ọjọ́ tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ fọ gíláàsì náà bí ẹni tó fẹ́ jẹun lórí rẹ̀. Ó fi abẹ ha ọ̀dà tí àwọn akunlé ta sí i, ó fi ọṣẹ nù ún, ó fi sípíríìtì nù ún. Ó wá fín omi ọlọ́ṣẹ sí i kí sítíkà lè máa yọ̀ díẹ̀ kó tó mú, ó tẹ́ orí sítíkà mọ́ òkè, ó sì ń fi ike pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, tí omi àti atẹ́gùn ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkà ló wà nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ìléròrò kan ṣoṣo dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i pé bébà funfun ló bo gbogbo apá inú. Ó bi í pé kí ni bébà yìí wà fún. Àbíkẹ́yìn ní kí eruku àwọn káfíńtà má baà bà á jẹ́ ni, bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, àárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, tí ẹbí máa péjọ, lòun máa wá ṣí i. Òtítọ́ ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde lọ wo iwájú. Ó dúró lójú títì níwájú ojú Màmá tó ń rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè nu omijú, káfíńtà kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Àbíkẹ́yìn rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Máa sunkún lọ, ó sọ ọ́ sínú, ìyókù ń bọ̀ wá bá ọ.

Ètò rẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹbí ti jókòó kí òun tó ṣí bébà. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀, ó ti di igun bébà mú. Ó ní kí Àbíkẹ́yìn jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn ṣí i báyìí kóun lè gbá ilẹ̀ ibẹ̀ kí Àǹtí Rédíò tó dé, torí obìnrin yẹn á rí ìdọ̀tí kó tó rí èèyàn. Inú Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ bàjẹ́. Àmọ́ nígbà tó rò ó síwájú, ó rí i pé ó tún dáa bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló máa kọ́kọ́ jẹ ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yó, kí àwọn yòókù tó wá jẹ nínú rẹ̀.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jókòó sídìí káńtà, ibẹ̀ ló ti máa rí i dáadáa. Ó gun àkàbà. Ó fa bébà náà láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: irun, iwájú orí, ojú, ẹnu tó yí, ọwọ́ tó di aṣọ mú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì yí padà láti wo ohun tó ti ń retí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò pariwo. Ó dìde, ó kọ́kọ́ sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Ó já aṣọ kan lára èyí tó kọ́ fún títà, ó nà án sókè láti fi bo àwòrán náà, aṣọ ò tó, ó lọ já òmíràn. "Ta ló fún ẹ ní àwòrán yìí?" ló ń béèrè. "Ta ló gbà fún ẹ?"

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀," Àbíkẹ́yìn wí. "Àǹtí Rédíò àti àwọn yòókù ti wà lọ́nà. Tí wọ́n bá dé, ẹ máa sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi. Ẹ máa sọ pé ẹ ò pè mí. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á wo ojú ìyá mi níbi tó ti ń wọ̀nà fún mi, èmi fúnra mi á wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mò ń pè, o ní ó ń sùn. Mò ń pè, o ní ó ń wẹ̀. O wo ojú yẹn lójoojúmọ́, o ò pè mí." Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó máa sọ "o" sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ kí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú ẹni tó mọ̀ rí.

"O rò pé ìwọ ló ń retí?" ó ní. "Wo ọwọ́ ẹ̀. Kí lo rò pé ó fẹ́ fi aṣọ yẹn ṣe?"

Àbíkẹ́yìn ní òtútù ló ń mú un.

"Òtútù wo? Ooru yàrá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó fẹ́ fi bojú ni. Ìwọ ló ń ṣọ́, pé tó bá lọ jẹ́ ìwọ lo wọlé, kóun lè tètè bojú."

Ó wá sọ ọ́, lórí ìdúró, ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwòrán náà. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ lajú lẹ́yìn tí àìsàn náà kọlù ú, dígí ló béèrè. Wọ́n fún un. Ó wo ara rẹ̀, ó dá dígí padà, kò sì tún béèrè rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà yẹn ò já gaara, àgbà ọmọ nìkan ló ń gbọ́ ọ, ohun tó sì ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí Àbíkẹ́yìn má rí òun báyìí o, kó máa rántí èyí tó mọ̀. Ó mú un búra. Ó tún mú un búra pé kò ní jẹ́ kí ẹbí wọ yàrá náà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má baà dé etí ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àbíkẹ́yìn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orí rẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n ibínú ò tíì tán níbẹ̀. "Ṣé Màmá náà ló ní kí ẹ sọ pé mo kọ̀, mi ò wá?"

"Rárá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tèmi nìyẹn. Èmi ni mò ń fọ ìtọ̀. Èmi ni mò ń nu itọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kò bojú fún mi rí, kò bìkítà pé kí n rí òun bó ṣe wù kó rí. Ìwọ ló fẹ́ rẹwà fún. Nígbà tí Àǹtí Rédíò bi mí pé ìwọ dà, mo ní a pè ọ́ tì. Nígbà tí wọ́n wá ń bú ẹ, mo gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi wọ eegun."

Àbíkẹ́yìn yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára gíláàsì. Ìgbà yẹn gan-an ló tó rí ìyá rẹ̀. Ó rí i bí ojú yẹn ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ẹyinjú tí òun fúnra rẹ̀ ti fọ̀ mọ́ kó lè hàn dáadáa. Ó rí ọwọ́ tó fẹ́ gbé aṣọ sókè tí kò lè gbé e mọ́. Ojú tí obìnrin yẹn bẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí Àbíkẹ́yìn rí, Àbíkẹ́yìn náà ló fẹ̀ ẹ́ tó ògiri. Ojú tì í. Ó dùn ún ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Ohùn Àǹtí Rédíò ni wọ́n gbọ́ níta. Ó ń pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n òun lára gíláàsì, ẹ wo eyín, ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ yà mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ilẹ̀kùn mú, ó rí i pé wọ́n tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án.

Àbíkẹ́yìn ti wà lórí àkàbà. Ó fi abẹ tú igun òkè, ó fà á. Àtè ọ̀hún ṣì tutù, ó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ń nà. Iwájú orí Màmá nà, ojú rẹ̀ ká wọnú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wá di ìsàlẹ̀ mú, wọ́n jọ ń fà á láìsọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń jọ fa aṣọ ìbùsùn láti ká a nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn, ó ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀rá dúdú nìkan ló kù nínú, Màmá tó ń rẹ́rìn-ín síta ò mira. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó aṣọ ilẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ tó ti wọ́ ṣe, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn ẹbí wọlé pẹ̀lú ìkíni àti ẹ̀rín. Àǹtí Rédíò ló ṣáájú, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tìlẹ̀kùn mọ́ àlejò, kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn ló ti rí Àbíkẹ́yìn lórí àkàbà, tó di ọ̀rá kíká mọ́yà. Ẹ̀rín rẹ̀ tán.

"Ìwọ rèé," ó ní. "Ó mà dáa o. Wọ́n pè ẹ́ síbi ìṣílé, o ráàyè wá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú. Àbíkẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sí àárín ilé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì láyà, omi ti lé lójú rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jọ̀ọ́, kí wọ́n fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn òun tó ti ń jẹ òun láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, òun fẹ́ sọ ọ́ lónìí níwájú àbúrò òun.

Ohun tí Àbíkẹ́yìn ń wá nìyí. Ó ti dé. Ó gbójú sókè láti orí ìkúnlẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí nǹkan kan tí kò rò pé òun máa rí: ara obìnrin náà ti ń fúyẹ́. Kò tíì sọ ọ́, ìrọ̀rùn ti ń hàn lójú rẹ̀. Á sọ ọ́, á sunkún, wọ́n á gbá a mọ́ra, á sì sùn dáadáa lálẹ́. Àǹtí Rédíò á béèrè ìdí, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn kì í béèrè ìdí rẹ̀. Dígí á jáde, itọ́ á jáde, aṣọ tí Màmá fẹ́ fi bojú á jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ bí ẹnu arẹwà ṣe yí. Èyí tó kọ́kọ́ wọ Àbíkẹ́yìn lọ́kàn nínú méjèèjì, ìrọ̀rùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, àbí àṣírí Màmá, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ.

"Wọ́n pè mí," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi pè mí títí, àǹtí. Èmi ni mi ò wá."

Àǹtí Rédíò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ṣé wọ́n gbọ́ ọ, ṣé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn lanu, ó ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ. Àǹtí Rédíò ní kó má gbè é mọ́, ojú àánú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó jẹ̀bi ti jẹ́wọ́. Àwọn yòókù fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n tún lanu, kò rí ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde láìfa Màmá jáde tẹ̀lé e. Ẹnu rẹ̀ padé.

Ojú tí Àbíkẹ́yìn ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá, ó rí i báyìí. Kò yíjú kúrò níbẹ̀ títí ìrora fi jókòó dáadáa lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dìde. Ó ti ọ̀rá kíká náà sísàlẹ̀ báàgì rẹ̀, ó kó abẹ àti ike rẹ̀ lé e lórí, ó gbé àkàbà, ó kí gbogbo àgbà pé kí wọ́n kú ìnáwó, ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ó di okùn báàgì rẹ̀ mú. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn jọ padà wọlé, òun á sọ ọ́, òun ò lè máa gbé e kiri báyìí.

Àbíkẹ́yìn rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára okùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ẹ máa sọ ti Màmá mọ́ ọn," ó wí. "Ẹ máa gbé e kiri."

Ó gbé àkàbà kọ́ èjìká, ó sọdá títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síbẹ̀ títí Àǹtí Rédíò fi yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ní kó wọlé wá dá àwọn àlejò lóhùn.